Ọdún tí Ìyá Wa Fi Bàsíà Ṣán Yídì

Ẹ̀ńjìnnì ìlọta ìyá wa ni aago ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí ó bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí ó wá gbóhùn, ẹni tó bá ṣì wà lórí ẹní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ jìnnà. Iwájú ilé ni ó wà, lábẹ́ páànù kan tí bàbá wa fi òpó igi mẹ́rin gbé ró, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ṣakí lọ sí Ògbóòró. Àwọn obìnrin àdúgbò a tò síbẹ̀ pẹ̀lú ata, ẹ̀wà bíbó, àgbàdo ògì àti iṣu gbígbẹ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ sí èlùbọ́. Ohùn ẹ̀ńjìnnì náà a máa yí padà bí ohun tó ń lọ̀ bá ṣe ń yí padà, ìyá wa sì mọ ohùn yìí bí ọlọ́mọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Wọ́n lè wà nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé kí wọ́n sọ fún mi pé, "Ṣìfáwù, lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé bẹ́líìtì yẹn ti ń yọ̀." Òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Nítorí pé ẹni tó ń tún ẹ̀ńjìnnì ṣe nígboro a máa dá ọ̀la tí kì í dé, ìyá wa ti kọ́ bí a ṣe ń tú u palẹ̀ fúnra wọn. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n, tí n ó máa na sípánà sí wọn bí wọ́n bá ti pe nọ́ńbà rẹ̀. Mo mọ sípánà kẹtàlá yàtọ̀ sí kẹrìnlá kí n tó mọ bí a ṣe ń wé gèlè.

Bàbá wa ní tiwọn kì í gbé ilé lójú ọ̀sán. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n, oko wọn wà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ojú ti ń ríran jìnnà, àfi àpáta tó yọrí síhìn-ín àti igi òrí tó dá dúró sọ́hùn-ún. Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà tó ń gbé bàbá wa bọ̀ láti oko yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì dà wọ́n sílẹ̀. Eegun ojúgun wọn dá. Bàbá tó ń to eegun fi ọparun lílà dì í, wọ́n sì kìlọ̀ pé bàbá wa kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. A tẹ́ ẹní fún wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iye ìgbà tí adìyẹ ń yé àti ẹni tó ń jí ẹja nínú ọbẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò gba ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí wọn, ní kí wọ́n jẹun, pé eegun tó ń jinná kì í mọ̀ pé oṣù Ràmàdáànì ti dé. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, Múfú, wà ní Ìbàdàn níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kò sì fún un láàyè láti wálé. Nítorí náà àwa obìnrin mẹ́rin ni a kù tí a ń rìn nílé: Ìyá Àgbà, ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi Ràlíà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti èmi.

Òjò ọdún náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Koríko hù débi pé ewúrẹ́ lè wọ ẹ̀yìn ilé wa kí a má rí i mọ́, kí a máa fi igbe rẹ̀ wá a. Ti ẹ̀yìn ilé kò dùn wá. Èyí tó wà lọ́kàn gbogbo wa ni ti yídì. Bí ènìyàn bá ti ilé wa rìn díẹ̀ sọ́nà Ògbóòró, yóò rí ilẹ̀ gbalasa kan lápá ọ̀tún, tó tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni gbogbo mùsùlùmí apá ọ̀dọ̀ wa ti ń kírun ọdún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bàbá tó bí bàbá wa ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, òun ló sì kọ́kọ́ ṣán an. Láti ìgbà náà, ilé wa ló ń ṣán yídì kí ọdún tó dé. Kì í ṣe oyè, kò sì sí ẹni tó ń fún wa ní nǹkan kan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Lèmọ́ọ̀mù bá ti kírun tán, wọn a ní, "Ọlọ́run yóò san ilé tó ń ṣán ilẹ̀ yìí lẹ́san," gbogbo èrò a sì ṣe àmín. Àmín yẹn ni ogún wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo ilé ló ní àmín tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé kò ní.

Ní ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Àlàájì Onípákó wá kí bàbá wa. Àwọn ló ni ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní àdúgbò wa, wọ́n sì wà lára àwọn àgbà mọ́sálásí. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Iṣu ńlá méjì ni wọ́n mú wá. Wọ́n jókòó, wọ́n kí bàbá wa kú ewu, wọ́n wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n wá sọ pé, "Bàbá Múfú, ọ̀rọ̀ yídì ló tún gbé mi wá. Kò sí ẹni tó máa dá yín lẹ́bi. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé tiwa. Ọmọkùnrin mẹ́fà ni mo ní, gbogbo wọn ló ń di àdá mú."

"Ẹ ṣeun, Àlàájì," ni bàbá wa wí. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kí ló wà ńbẹ̀ tí ẹ fẹ́ rò? Kò sí ọkùnrin nílé."

Wọn kò fi ìkà sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òjò ti ṣú. Ṣùgbọ́n mo rí bàbá wa tí wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n sì ní, "Ó dáa. Ẹ máa mú un lọ." Ìyá wa, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, gbé àtẹ sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ kí Àlàájì. Wọ́n ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi í sílẹ̀ títí ààwẹ̀ yóò fi ku márùn-ún. Bí a kò bá tíì ṣe é dé ìdajì lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ yín bọ́ síbẹ̀."

Àlàájì wò wọ́n. "Ìyá Múfú, ta ni yóò ṣán an?"

"Ilé wa ni."

Nígbà tí Àlàájì lọ tán, ara bàbá wa kò balẹ̀. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn?" ni wọ́n bi ìyá wa. Ìyá wa ní kí wọ́n má bínú, pé ẹnu àwọn ló yá. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lórí àpótí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹnu tó bá yá ni yóò wá ọwọ́ tó máa ṣe é."

Ọwọ́ tí a kọ́kọ́ fi ṣe é ni ọwọ́ tiwa gan-an. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyá wa, Ràlíà àti èmi mú àdá, a lọ sí yídì. Koríko náà tutù, ó sì le. Bí a bá ṣá a, yóò kan tẹ̀ ni, yóò tún dìde. Nígbà tí oòrùn fi kàn wá lórí, ibi tí a ṣán kò ju yàrá méjì lọ, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi ti yọ omi, òùngbẹ sì mú Ràlíà débi pé ó jókòó sílẹ̀ tí kò lè dìde. Ìyá wa gbé e pọ̀n wálé bí ọmọ ọwọ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá wa rí wa tí a wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, a ṣínu pẹ̀lú ògì ọkà bàbà gbígbóná, àkàrà àti wàrà díndín tí a rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan. Gbogbo wa ń jẹ, ṣùgbọ́n ife omi kan péré ni ìyá wa mu. Wọ́n tẹjú mọ́ táyà irin ńlá tó wà lára ẹ̀ńjìnnì ìlọta, èyí tó ń yí bí ẹ̀ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

"Nígbà tí mo gbé Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìsẹ́yìn," ni wọ́n wí, "mo rí ọkùnrin kan tó ń ti ẹ̀rọ kiri lórí koríko. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó fẹ́ fọ̀ ọ́, mo sì rí abẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀ ju irin mímú kan tó ń yí lọ. Ohun tó lè yí irin, a ní in nílé yìí."

Pọ́ǹpù kànga ni wọ́n ní lọ́kàn. Bàbá wa rà á nígbà kan rí kí ó máa fa omi sókè fún wa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ níbi tí omi ń gbà ti sán, ó sì ti wà lábẹ́ àkéte láti ìgbà náà. Ẹnu rẹ̀ ló bàjẹ́. Ibi tó ń lo iná tó sì ń yí ṣì dára. Ní ọjọ́ kejì ìyá wa gbé e jáde, wọ́n tú ẹnu rẹ̀ tó sán kúrò, ó wá ku ọ̀pá irin kékeré kan tó yọrí jáde. Wọ́n tú pákó kan lára bẹ́ẹ̀dì tí Múfú ń sùn lé. Wọ́n ní yóò sùn sílẹ̀ bó bá dé. A kò ní ohun tí a lè fi lu pákó náà, nítorí náà wọ́n ti ọ̀pá irin bọ inú ẹyín iná títí tó fi pọ́n, wọ́n sì fi jó ihò mẹ́rin síbi tí a ó ti de pọ́ǹpù náà mọ́lẹ̀ àti ihò ńlá kan láàárín tí ọ̀pá yóò gbà yọ sísàlẹ̀. Mo ṣì lè gbóòórùn pákó tó ń jó yẹn. Wọ́n gbé pọ́ǹpù náà nàró lórí pákó, wọ́n kọjú ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Àdá àtijọ́ kan tí èkù rẹ̀ ti kán ni wọ́n gé sí ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ mi, wọ́n fi iná rọ àárín rẹ̀, wọ́n sì fi ìṣó ńlá àti òòlù lu ihò sí i. Táyà mẹ́ta ni a rí lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Múfú gùn nígbà tó wà ní kékeré: ọ̀kan lọ síwájú, méjì sí ẹ̀yìn. Igi méjì tí a fi ń sá aṣọ di ọwọ́ tí a ó fi máa tì í.

Ohun tó kù ni èyí tó máa bo irin náà kí ó má baà gé ẹsẹ̀ wa. Ìyá wa ti wò ó káàkiri ilé, ojú wọn sì ti bọ́ sórí bàsíà Ìyá Àgbà. Bàsíà onírin fífẹ̀ kan ni, tí kò jinlẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ti jẹ. Ìyá Àgbà ti wẹ ọmọ méje nínú rẹ̀, mẹ́rin lára wọn ti kú. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri yàrá wọn, kò sì sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Odindi ọjọ́ kan ni ìyá wa fi ń rìn yíká ọ̀rọ̀ náà láìsọ ọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà fúnra wọn gbé bàsíà náà jáde, wọ́n gbé e lé orí pákó.

"Mo rí ọ tí o ń wò ó," ni wọ́n wí. "Èyí tó bá ti jò kò lè wẹ ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe kan ìṣó mọ́ ọn níwájú mi."

Ìyá wa dúró títí wọ́n fi wọ yàrá kí wọ́n tó mú òòlù. Wọ́n da bàsíà náà dé sábẹ́ pákó, ihò ìdí rẹ̀ bọ́ sójú ihò pákó gẹ́lẹ́, wọ́n sì gé díẹ̀ kúrò létí rẹ̀ kí koríko lè máa gba ibẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì de irin mímú náà mọ́ ọ̀pá pọ́ǹpù. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tuntun tí ẹnì kan ṣe, ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mò ń rántí, bí wọ́n ṣe fi í nu eruku bàsíà yẹn kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀.

Iná dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ààwẹ̀, lójú ọ̀sán. A gbé ẹ̀rọ náà sí iwájú ilé, ìyá wa tẹ súìsì. Ó yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó ń fò lórí táyà mẹ́ta rẹ̀, àwọn adìyẹ sá wọ abẹ́ àká. Kí ìyá wa tó nawọ́ sí súìsì, irin náà já, ó fò jáde láti abẹ́ bàsíà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, ó sì fọ́ ìkòkò omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Omi ṣàn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bá bàbá wa lórí ẹní. Ìyá wa fà mí mọ́ra, wọ́n ń fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń wá ojú ọgbẹ́ tí kò sí.

"Ó tó," ni bàbá wa wí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá Múfú, ó tó. Mi ò lè fi ọmọ san yídì."

Ìyá wa mú ẹ̀rọ náà lọ sábẹ́ páànù, wọ́n fi àpò bò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀, àfi bí bàbá wa ṣe pè mí, tí wọ́n ní kí n mú irin tó já náà wá. Wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n yí i padà yí i padà. Ọkùnrin tó ti di àdá mú láti ìgbà tó ti lè rìn ni. Wọ́n ní kí n kan ìṣó kan sára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n fi ihò àárín irin náà kọ́ sórí rẹ̀. Apá kan irin náà rẹlẹ̀, èkejì lọ sókè.

"Pe ìyá rẹ," ni wọ́n wí. Nígbà tí ìyá wa dé, wọ́n nawọ́ sí òpó. "Wò ó. Apá kan wúwo ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ̀n. Àdá tí kò bá dọ́gba, ọwọ́ ẹni tó mú un ni yóò kọ́kọ́ dá."

Ìyá wa wo irin náà, wọ́n wá ní, "Nọ́ọ̀tì kan ni mo fi dè é. Méjì ló yẹ, kí èkejì máa ti àkọ́kọ́."

"Gbé fáìlì wá fún mi," ni bàbá wa wí.

Ọjọ́ méjì ni bàbá wa fi pọ́n irin náà lórí ẹní. Wọn a pọ́n díẹ̀, wọn a ní kí n fi kọ́ sórí ìṣó, wọn a wò ó, wọn a tún gbà á. Ohùn fáìlì náà, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ ohùn ẹ̀ńjìnnì ìlọta níwájú ilé. Èmi tó wà láàárín wọn, tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀, mo gbọ́ bí àwọn òbí mi ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ìta bí àwọn tó jọ wà lóko kan náà. Nígbà tí irin náà dúró gbọọrọ lórí ìṣó tí apá kankan kò rẹlẹ̀, bàbá wa fi í lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ní ogúnjọ́ ààwẹ̀, iná tún dé. Ìyá wa ní kí gbogbo wa lọ dúró sẹ́yìn ògiri, wọ́n sì tẹ súìsì. Ẹ̀rọ náà kùn, ó dúró jẹ́ẹ́ lójú kan. Wọ́n tì í wọ inú koríko tó wà lẹ́bàá ilé, wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iwájú rẹ̀ lè gbé sókè, wọ́n wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lé koríko lórí. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, ó tutù, ó sì wẹ́ bí ẹ̀fọ́ tí a rẹ́. Nígbà tí wọ́n padà, ojú ọ̀nà kan ti wà nínú igbó yẹn, ó tẹ́jú bí ẹní. Ìyá Àgbà bọ́ bàtà, wọ́n rìn lórí rẹ̀ lọ, wọ́n rìn bọ̀. "Bàsíà mi ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n wí.

Kò sí iná ní yídì. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé ẹ̀rọ náà, ti mọ́sálásí nìkan ni a mọ̀, èyí tí wọ́n fi ń gbé gbohùngbohùn. Ìyá wa mú mi dání lọ bá Lèmọ́ọ̀mù. A bá Àlàájì Onípákó níbẹ̀. Ìyá wa ṣàlàyé pé alẹ́ ni mọ́sálásí ń lo jẹnẹrétọ̀ fún wàásù, pé ojúmọmọ ni àwa fẹ́ ẹ, pé epo tiwa ni a ó dà sí i. Lèmọ́ọ̀mù ń tẹ tẹ̀súbáà wọn, wọ́n ń gbọ́. Àlàájì ló kọ́kọ́ fèsì.

"Lèmọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. A kò rí i rí kí obìnrin máa ṣán yídì."

"Àlàájì," ni Lèmọ́ọ̀mù wí, "ta ní ń gbá mọ́sálásí wa?"

"Àwọn obìnrin ni."

"Ta ní ń fọ ẹní tí a ń kírun lé?"

Àlàájì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn náà ni."

"Ṣé koríko ló wá fẹ́ mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin?" Lèmọ́ọ̀mù yíjú sí ìyá wa. "Ìyá Múfú, ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kí ó ti padà kí a tó ṣínu."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú bárò, Ràlíà yóò máa tì í. Ìyá wa yóò máa ti ẹ̀rọ. Èmi yóò gbé wáyà tí a so mọ́ra wọn kọ́ èjìká. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa tẹ̀lé ìyá wa kí n sì máa gbé wáyà náà sókè, kí irin má baà gé e. Iṣẹ́ yẹn kò jẹ́ kí n gbójú kúrò lẹ́yìn ìyá wa. Mo mọ bí aṣọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ wọ́n, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lójijì tí wọn yóò gbé ọwọ́ lé pọ́ǹpù náà, kí wọ́n wò ó bó ti gbóná tó. Bó bá ti gbóná jù, a ó pa á, a ó lọ jókòó lábẹ́ igi, a ó dúró títí yóò fi tutù. Àwọn tó ń kọjá lọ sí oko a dúró wò wá. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ní, "Bàsíà nìyí kẹ̀," ó sì dúró tì wá títí di ọ̀sán. Nígbà tó di ọjọ́ tí ààwẹ̀ ku márùn-ún, Àlàájì wá wò ó gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. A ti ṣe é kọjá ìdajì. Wọ́n rìn dé ibi tí a ṣe dé, wọ́n padà, wọ́n kí ìyá wa kú iṣẹ́, wọ́n sì lọ.

Òjò ló fẹ́ bà á jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rọ̀, ìyá wa sì ní ẹni tó bá fi iná ṣeré nínú omi ti fẹ́ kú. A jókòó sílé, a ń wo ọ̀run. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, òjò dá, ojú ọ̀run là, àwọn ọmọdé tó gun orí àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé oṣù ti lé. Lọ́dọọdún, ariwo yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ. Lọ́dún náà, gbogbo wa wo ara wa. Ọ̀la ti di ọdún, iwájú yídì níbi tí Lèmọ́ọ̀mù ti ń dúró ṣì jẹ́ igbó.

"Ìrun kò ní bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó gòkè," ni bàbá wa wí. "Ẹ tètè sùn."

Bí ilẹ̀ ti mọ́ lọ́jọ́ ọdún, a ti wà ní yídì. Ilẹ̀ tutù lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti fà. Ìyá wa fi rọ́bà táyà wé gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. A kò sinmi. Aṣọ tútù ni a fi ń bo pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù kí ó má baà gbóná jù. Ìgbà tí ó ku bí ìlà mẹ́wàá ni mo rí Àlàájì Onípákó tí wọ́n ń bọ̀ nínú agbádá funfun, àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀lé wọn. Inú mi bàjẹ́. Mo rò pé wọ́n wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa nígbà tó ti ń parí. Ìyá wa pa ẹ̀rọ, wọ́n dúró.

"A kò wá gba nǹkan kan," ni Àlàájì wí. "Koríko tí ẹ ti gé ni a wá kó kúrò nílẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí ibi tẹ́ ẹní sí." Àwọn ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Àlàájì kò tíì lọ. Wọ́n ń wo ẹ̀rọ náà. "Ìyá Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tì í wò."

Wọ́n ká agbádá sórí èjìká, wọ́n ti ìlà kan lọ, wọ́n tì í bọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, gbogbo etí ṣòkòtò funfun wọn ti di àwọ̀ ewé. Wọn kò bínú sí i. Wọ́n kan ń mi orí. "A kì í mọ ohun tó wà nínú ilé ẹlòmíràn," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá ọwọ́ ẹ̀rọ padà fún ìyá wa. Ìlà tó kẹ́yìn, níbi tí Lèmọ́ọ̀mù yóò dúró sí gan-an, ìyá wa ló ṣán an. Nígbà tí a wẹ̀ tí a múra tí a padà dé, yídì ti kún láti etí dé etí, òórùn koríko tútù sì wà lára gbogbo wa bí a ti forí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́ọ̀mù dúró nídìí gbohùngbohùn. Wọ́n ní, "Lọ́dọọdún ni a máa ń gbàdúrà fún ilé tó ń ṣán ilẹ̀ yìí. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ. Ìyá Múfú ló ṣán an, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Bàbá Múfú ló pọ́n irin rẹ̀ láti orí ẹní àìsàn. Ìyá Bàbá Múfú ló fi bàsíà rẹ̀ sílẹ̀." Níbi tí wọ́n ti dárúkọ bàsíà, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lèmọ́ọ̀mù dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Ọlọ́run yóò san wọ́n lẹ́san." Mo ti gbọ́ àmín púpọ̀ láyé mi láti ìgbà náà. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Ìsẹ́yìn, mo ti lọ sí yídì tó tóbi ju tiwa lọ. N kò tíì gbọ́ èyí tó dún bẹ́ẹ̀. Ìyá wa wà láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Yídì kò jìnnà sí ilé wa, ohùn gbohùngbohùn sì ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a wọlé, bàbá wa ti dìde jókòó lórí ẹní, wọ́n fẹ̀yìn ti òpó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún àwọn àlejò ọdún. Ìyá wa gbé oúnjẹ wá fún wọn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń gbé àwo kalẹ̀. Ní ilé wa, ọkọ kì í pe ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan mìíràn níwájú ènìyàn ju orúkọ ọmọ lọ. Oríkì ìyá wa, bàbá tó bí wọn nìkan ló máa ń fi í pè wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí bàbá yẹn ti kú. Bàbá wa wo ìyá wa, gbogbo àlejò ń gbọ́, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, o káre."

Ìyá wa gbé àwo tó kẹ́yìn sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ràlíà àti èmi tẹ̀lé wọn, a rò pé wọ́n ń sunkún. A bá wọn nídìí ààrò lórí àpótí, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ń mì wọ́n léjìká.

"Àṣàkẹ́ dà?" bàbá wa tún pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ni ìyá wa dáhùn. Wọn kò dìde. Wọ́n fẹ́ kí bàbá wa tún pe oríkì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.